Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Géèmù Àtijọ́ àti Tòde Òní Fi Ń Gbayì

Ṣé o mọ̀ pé Nintendo, ilé iṣẹ́ tó fún ayé ní Mario, ti ń tajà kí Ogun Kírìjì tó parí pátápátá? Ọdún 1889 ni Fusajiro Yamauchi dá a sílẹ̀ ní ìlú Kyoto, ní Japan. Lásìkò yẹn, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀ ṣì wà ní bùdó. Ọdún 1893 ni wọ́n tó tú ká. Káàdì tí wọ́n ya òdòdó sí lára ni Yamauchi ń ṣe, káàdì tí àwọn ará Japan fi ń ṣeré nílé. Ó lé lọ́gọ́rin ọdún kí ilé iṣẹ́ náà tó fọwọ́ kan géèmù orí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n fi máa débẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ ohun tó ń mú kí ènìyàn ta ọ̀kan tán kó sì ní òun fẹ́ ta òmíràn sí i.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan lára àwọn tó bá wọn ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì ló ṣe ọ̀kan nínú àwọn géèmù àkọ́kọ́ láyé? William Higinbotham ni orúkọ rẹ̀, ibùdó ìwádìí Brookhaven ní ìpínlẹ̀ New York ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú kí wọ́n wá wo iṣẹ́ wọn, Higinbotham sì rí i pé ó máa ń sú àwọn àlejò láti máa wo ẹ̀rọ tó kàn dúró bí òpó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ó mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ìgbì iná, ó ya pápá tẹ́nìsì sí ojú rẹ̀: ìlà gbọọrọ kan fún ilẹ̀, ìlà kúkúrú kan láàárín fún àwọ̀n, àti àmì ìmọ́lẹ̀ kan tó ń fò bíi bọ́ọ̀lù. Èrò tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kò sọ ọ́ di owó, kò sì forúkọ sílẹ̀ pé òun ló ni ọgbọ́n náà. Iṣẹ́ tó ṣe láti má ṣe jẹ́ kí bọ́ǹbù átọ́míìkì tàn ká ayé ló fẹ́ kí wọ́n fi rántí òun.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ ìdánrawò lásán ni géèmù tó ń jẹ́ Pong? Allan Alcorn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé iṣẹ́ Atari ní ọdún 1972 ni, ọ̀gá rẹ̀, Nolan Bushnell, bá gbé iṣẹ́ kékeré kan fún un kó fi kọ́wọ́. Ó ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ló béèrè fún un, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó jọ ọ́. Alcorn ṣe é dáadáa ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọ́n bá gbé e lọ sí ilé ọtí Andy Capp's ní ìlú Sunnyvale, ní California, láti fi dán ojú ọjà wò. Kò pẹ́ ni ìpè dé pé ẹ̀rọ náà ti kọṣẹ́. Alcorn lọ, ó ṣí i, ó sì rí i pé kò sí ohun tó ṣe é: owó ẹyọ ló kún àpótí rẹ̀ dé ẹnu. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ kan ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ géèmù tó dára. Ohun tí wọ́n ní kí o ṣe nínú Pong kò ju pé kí o má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá rẹ. Ó yé ẹni tó ti mutí yó pàápàá.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù láti sọ nínú ìtàn ìgbà náà ni ti Jerry Lawson. Ṣé o mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ló ṣáájú ikọ̀ tó jẹ́ kí á lè yọ géèmù kan nínú ẹ̀rọ kí á sì ki òmíràn bọ̀ ọ́? Ìlú New York ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1940. Láti kékeré ló ti ń tún tẹlifíṣọ̀n àwọn ará àdúgbò ṣe, tó sì to rédíò tó fi ń bá àwọn ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ jọ nínú yàrá rẹ̀. Kí ó tó dé ìdí iṣẹ́ yìí, géèmù tí ẹ̀rọ bá bá wá láti ilé iṣẹ́, òun náà ni yóò bá kú; inú wáyà ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn onímọ̀ méjì kan ní ilé iṣẹ́ Alpex ló kọ́kọ́ ronú pé géèmù lè dá wà lọ́tọ̀. Lawson àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Fairchild ló sọ èrò náà di kásẹ́ẹ̀tì tí ọmọdé lè ki bọ ẹ̀rọ, kó yọ ọ́, kó tún kì í bọ̀ ọ́, láìsí pé iná ara rẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà tún ní ẹ̀rọ náà kò gbọ́dọ̀ da rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ẹlòmíràn láàmú, wọ́n bá fi álúmíníọ̀mù bo inú rẹ̀. Ọdún 1976 ni Channel F dé ọjà. Ó ní bọ́tìnnì tí o lè fi dá géèmù dúró kí o lọ jẹun, ohun tí gbogbo ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè lónìí ń dúpẹ́ fún láìmọ ẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wo ohun tí èyí yí padà. Ẹni tó mọ géèmù í ṣe kò ní láti mọ ẹ̀rọ í ṣe mọ́. Láti ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé géèmù nìkan ni wọ́n ń tà ti jáde wá. Síbẹ̀, Lawson fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni ìgbàgbé. Oṣù Kẹta ọdún 2011 ni àwọn oníṣẹ́ géèmù ní Amẹ́ríkà tó yẹ́ ẹ sí ní gbangba. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú.

Ṣé o mọ̀ pé ilé kan wà tí wọ́n ti ń jókòó dá géèmù lẹ́jọ́? Ilé àkójọ ohun ìṣeré tó ń jẹ́ The Strong, ní ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ New York, bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn géèmù tó tayọ ní ọdún 2015. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń wò: ṣé tẹrú tọmọ ló mọ̀ ọ́n, ṣé ó pẹ́ lórí àtẹ, ṣé ó ré kọjá ibi tí wọ́n ti ṣe é, ṣé ó yí àwọn géèmù mìíràn tàbí ìgbésí ayé ènìyàn padà. Mẹ́fà ni wọ́n kọ́kọ́ yàn: Pong, Pac-Man, Tetris, Super Mario Bros., Doom àti World of Warcraft. Mo fara mọ́ gbogbo ẹ̀, àmọ́ ìbéèrè kan wà tí èmi ì bá fi ṣáájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: kí ni ẹni tó ṣe é rí lò nígbà ayé rẹ̀, kí ló sì fi nǹkan ọ̀hún ṣe? Ẹni tó bá fi ẹwà àwòrán òde òní wo géèmù ọdún 1980 kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń wá. Géèmù ìjà kò níṣẹ́ pé kó sọ ìtàn, géèmù ìtàn kò sì níṣẹ́ pé kó yára.

Àpẹẹrẹ kan nìyí: ọdún 1978 ni Tomohiro Nishikado ṣe Space Invaders ní Japan. Àwọn àjèjì láti ojú òfuurufú tò wá lórí ìlà, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ sísàlẹ̀. Bí o ṣe ń yìnbọn pa wọ́n ni àwọn tó kù ń yára sí i. Ṣé o mọ̀ pé àìlágbára ẹ̀rọ ló fa ìyẹn? Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kò lè ya gbogbo wọn kíákíá; bí wọ́n ṣe ń dín kù ni ẹrù rẹ̀ ń fúyẹ́, tó sì ń sáré. Nishikado wò ó, ó rí i pé ìfòyà tó ń mú wá dùn, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù tó ń le sí i bí o ṣe ń borí, ọ̀nà yẹn ni wọ́n tọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìwà àwọn iwin mẹ́rin inú Pac-Man kò dọ́gba? Toru Iwatani ló ṣe é ní ọdún 1980, ó sì fẹ́ kí àwọn obìnrin náà rí nǹkan ṣe ní àwọn ilé géèmù tó kún fún ìbọn àti ọkọ̀ òfuurufú. Fara balẹ̀ wò wọ́n. Pupa ń tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn ni tààràtà. Ti àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú kì í wá sẹ́yìn rẹ, ibi tí o ń lọ níwájú ló ń sáré lọ dúró sí. Ti àwọ̀ ọ̀run ń wo ibi tí o wà àti ibi tí pupa wà kó tó mọ ọ̀nà tí yóò gbà, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ti àwọ̀ ọsàn ń lépa rẹ bí o bá jìnnà, ṣùgbọ́n bó bá ti sún mọ́ ọ, á ṣẹ́rí padà sí igun tirẹ̀. Òfin péńpé mẹ́rin péré nìyí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ká ọ mọ́ kọ̀rọ̀, wàá búra pé wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ ni.

Géèmù yìí ní òpin tí Iwatani kò fi síbẹ̀. Bí o bá dé ìpele 256, apá ọ̀tún ojú ẹ̀rọ á dàrú, á kún fún lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò nítumọ̀, o kò sì ní lè kọjá. Àyè mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà náà fi ń ka ìpele, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ òdo tàbí oókan. Gbogbo ọ̀nà tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè gbà tò kò ju 256 lọ. Ìṣirò yìí kò ṣàjèjì sí babaláwo. Ojú mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí inú tàbí ó ń dojú bolẹ̀, ohun tó jẹ́ kí odù Ifá jẹ́ 256 gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ gbogbo ohun tó ṣeé jẹ láti ìpele kìn-ín-ní títí dé ibi tó ti dàrú, láìkú lẹ́ẹ̀kan, máàkì 3,333,360 ni yóò gbà, kò sì sí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà 256 yẹn tún yọjú ní England. Ní ọdún 1984, David Braben àti Ian Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, gbé Elite jáde. Ọkọ̀ òfuurufú ni o ń wà, o ń rajà ní ayé kan, o ń tà á ní òmíràn, o ń bá ọlọ́ṣà jà lójú ọ̀nà. Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ayé 256 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ, ìjọba àti iye ọjà tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wọ inú nǹkan bíi kílóbáìtì 22! Wọn kò kọ àwọn ayé náà sílẹ̀ níbì kankan: nọ́ńbà mélòó kan ni wọ́n fi sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á ṣírò wọn, ayé á sì jáde, ọ̀kan náà ní gbogbo ìgbà. Wọ́n lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó tà á ní bó bá pọ̀ jù, àwọn ènìyàn yóò rí i pé ìṣirò lásán ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní ọdún 2016, No Man's Sky gbé mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù 18 ayé wá, inú sì bí àwọn tó rà á nítorí pé ohun tí wọ́n lè ṣe nínú àwọn ayé náà kò pọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí Hello Games, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fi nǹkan kún un lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn ènìyàn tó padà sí ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi títóbi polówó géèmù fún ọ, béèrè ohun tí wàá máa ṣe níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Super Mario Bros. ti ọdún 1985 kò ju kílóbáìtì 40 lọ? Fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù rẹ bá yà lónìí tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Nítorí àyè há, àwòrán kan náà ni wọ́n lò fún ìkùukùu ojú ọ̀run àti igbó ilẹ̀. Àwọ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Irunmú àti fìlà Mario pàápàá, àìláyè ló bí wọn. Nígbà tí Shigeru Miyamoto ń ṣe Donkey Kong ní ọdún 1981, àwọn àmì kéékèèké tó ní kò tó láti ya ẹnu àti irun orí, ó bá fi irunmú bo ẹnu, ó dé e ní fìlà.

Wo ìṣẹ́jú kìn-ín-ní Super Mario Bros. Mario dúró sápá òsì, gbogbo àyè wà lápá ọ̀tún, ọwọ́ rẹ á sì tẹ ọ̀tún láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún ọ. Nǹkan kékeré kan tó lejú koko ń bọ̀. Bí o kò bá fò, ó pa ọ́, ṣùgbọ́n ibi tí o máa padà sí kò jìnnà. O fò, o bọ́ lé e lórí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà, o fi orí kan àpótí kan, olú jáde. Olú yìí fi ojú jọ ọ̀tá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ọ́ láàmú, o sì lè fẹ́ sá fún un. Ṣùgbọ́n ó rọra yí lọ sápá ọ̀tún, ó kọlu páìpù, ó ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ rẹ, bíríkì tó wà lókè kò sì ní jẹ́ kí o ráyè fò ga. Ó kàn ọ́, o di ńlá. O ti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀tá, àti ohun tó ṣe ọ́ lóore, o kò sì tíì ka ọ̀rọ̀ kan. Títí di òní, mi ò tíì rí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ jù yìí lọ nínú géèmù.

Tetris ńkọ́? Kọ̀ǹpútà tí Alexey Pajitnov lò ní Moscow ní ọdún 1984 kò lè ya àwòrán rárá, àmì tí à ń tẹ̀ sínú ìwé ló fi ṣe àwọn bíríkì. Ìjọba Soviet ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀; nǹkan bí ọdún 12 kọjá kí owó géèmù náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò Pajitnov fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1993, arìnrìn-àjò òfuurufú ará Rọ́ṣíà kan, Aleksandr Serebrov, gbé Game Boy tirẹ̀ pẹ̀lú Tetris lọ sí ojú òfuurufú. Ṣé o sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tí a mọ̀ tó ta Tetris ti Nintendo ọdún 1989 dé òpin títí di oṣù Kejìlá ọdún 2023? Ọmọ ọdún 13 kan ní Oklahoma ló ta á títí dé ìpele 157, tí ẹ̀rọ fi gan. Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ rẹ̀, kò rẹ ọmọ náà.

Ní ti géèmù ìjà, ohun tí à ń wá ni ìjìnlẹ̀: ṣé ó ṣì ní ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lè kọ́? Ọdún 1999 ni Street Fighter III: 3rd Strike jáde. Ní ọdún 2004, níbi ìdíje Evo ní Pomona, California, Justin Wong ti na Daigo Umehara débi pé bó bá fọwọ́ kàn án pẹ́rẹ́, ó tán, kódà bí Umehara bá dáàbò bo ara rẹ̀. Wong bá tú ìkọlù ńlá Chun-Li, jagunjagun tó ń darí, sílẹ̀, ẹsẹ̀ 15 ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ọ̀nà kan ló kù: kí Umehara ti ọ̀pá ìdarí síwájú, sínú ìkọlù náà gan-an, ní ìṣísẹ̀ kan náà tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá bà á, kí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ó gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pátá, ó fò gba èyí tó kẹ́yìn lókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi èsì pa á. Ariwo sọ. Umehara kò tilẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn?

Lọ́dọ̀ tiwa, nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, géèmù ejò inú Nokia ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ gbé dání. Taneli Armanto ló kọ ọ́ fún Nokia 6110 ní ọdún 1997. Bọ́tìnnì mẹ́rin, ejò kan, òfin méjì: má bu ara rẹ jẹ, má sì kọlu ògiri. Ilé géèmù àdúgbò ló tẹ̀ lé e, PlayStation 2 àti géèmù bọ́ọ̀lù PES, tí ẹni tó bá pàdánù á gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹni tó kàn. Ibẹ̀ ni ìdájọ́ ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, láìsí ìwé. Gbogbo ẹni tó ta PES 6 mọ Adriano ará Brazil, tí wọ́n fún ní 99 nínú agbára ìgbábọ́ọ̀lù, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú Inter Milan, ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé orin tó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Grammy láti inú géèmù, èdè Áfíríkà ni wọ́n fi kọ ọ́? “Baba Yetu” tí Christopher Tin ṣe fún Civilization IV ní ọdún 2005 ni, Àdúrà Olúwa ní èdè Swahili. Ọdún 2011 ló gba ẹ̀bùn náà.

Ṣé o sì mọ̀ pé àwọn onímọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ti kẹ́kọ̀ọ́ lára géèmù? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, àrùn kan tó yẹ kó mọ sí inú ihò ọ̀tá kan nínú World of Warcraft, géèmù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe lórí ayélujára, bá ẹran ọ̀sìn àwọn tó ń ṣeré níbẹ̀ jáde dé àwọn ìlú ńlá. Àwọn tó lágbára yè é, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kú lọ bẹẹrẹ. Àwọn kan dúró tọ́jú aláìsàn, àwọn kan sá lọ sígbó, àwọn kan sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé àrùn lọ bá ẹlòmíràn. Ní ọdún 2007, ìròyìn ìwádìí lórí rẹ̀ jáde nínú The Lancet Infectious Diseases. Kò sí ẹni tó kọ ìwà wọ̀nyí sínú géèmù náà, àwọn ènìyàn ló gbé e wá láti ilé.

Èyí tó kẹ́yìn bà mí nínú jẹ́. Ṣé o mọ̀ pé nínú géèmù mẹ́wàá tó jáde ní Amẹ́ríkà kí ọdún 2010 tó dé, bíi mẹ́sàn-án ni kò sí lórí àtẹ mọ́? Ìwádìí tí Video Game History Foundation gbé jáde ní ọdún 2023 ló sọ bẹ́ẹ̀. 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni nọ́ńbà wọn. A kò lè dá ohun tí a kò rí lẹ́jọ́. Nítorí náà, bí kásẹ́ẹ̀tì Game Boy bá wà nínú àpótí nílé yín, má dà á nù bó bá ṣe bí ẹni pé ó ti kú. Nínú irú èyí tí Pokémon àtijọ́ wà, bátìrì pẹlẹbẹ kékeré kan ló ń tọ́jú ibi tí o ta dé. Bó bá ti gbẹ, ìyẹn nìkan ló ń lọ. Ibòmíràn ni géèmù fúnra rẹ̀ wà, kò sì nílò bátìrì. Atúnrédíòṣe tó mọ òjé yọ́ dáadáa lè tú bátìrì náà kúrò kó sì lẹ tuntun síbẹ̀, ẹni tó bá sì gbé Game Boy lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.